Ọmọ Kwara tó dàgbà n'Ìbàdàn fẹ́ wọ fásitì: ṣé UI ni kó mú, àbí LAUTECH?

ÌyáÀkànkẹ́
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá pọ̀ níbí. Ọ̀ffà ni bàbá àwọn ọmọ mi ti wá, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìbàdàn là ń gbé, ibẹ̀ ni mo bí àbígbẹ̀yìn mi sí, ibẹ̀ náà ló ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Àfi tí a bá lọ ṣọdún nìkan ló ń sun Ọ̀ffà. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́.

Fọ́ọ̀mù JAMB ò ní pẹ́ jáde. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó mú UI. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní LAUTECH ni kó mú, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà, pé ó sì máa ń rọrùn fún ọmọ Ọ̀yọ́ láti wọ ibẹ̀. Ibi tó ti dà mí láàmú nìyẹn. Ṣé ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n máa kà á sí ni, àbí ọmọ Kwara? Wọ́n ní owó tí ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ń san yàtọ̀. Wọ́n tún ní Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń ṣàánú fún. Kí ni òótọ́ ibẹ̀? Owó oṣù èmi àti bàbá rẹ̀ ò pọ̀, mi ò fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ohun tí a ò ní lè parí.

TíṣàBódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ òbí, Màmá. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ni mo ń kọ́, ìbéèrè yìí ló sì máa ń kó ìdààmú bá òbí jù lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ta ló ni ilé-ìwé? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. UI, OAU, UNILAG, UNILORIN, FUNAAB, FUTA àti FUOYE, ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. LAUTECH, OOU, LASU, EKSU, AAUA, UNIOSUN àti KWASU, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n.

Lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá kò kan iye tó máa san. Ọmọ Sókótó àti ọmọ Ìbàdàn tó jọ wà ní kíláàsì kan náà, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé ni ìpínlẹ̀ máa ń wọ ọ̀rọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 wà fún catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n pín mọ́ ilé-ìwé yẹn. 20 tó kù wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní ELDS.

Catchment UI ni Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó. Kwara ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Kwara wà nínú ELDS. Ọ̀nà méjì ló wà fún ọmọ yín ní UI nìyẹn: kí máàkì rẹ̀ ga débi tó fi máa bọ́ sínú 45 yẹn, tàbí kó gba ti ELDS wọlé. Ti catchment kò sí fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri UI ló ti dàgbà. Ìpínlẹ̀ abínibí ni JAMB ń wò, wọn kì í wo ibi tí ọmọ ń gbé.

Ní ti LAUTECH, 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ń ṣe é títí di 2020 tó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ọmọ Kwara lè wọ ibẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ló máa jẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá ìwé owó ọdún tuntun, ẹ má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Lórí ìwé owó ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìpínlẹ̀, òpó méjì lẹ máa rí, ti ọmọ ìbílẹ̀ àti ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀.

ỌmọKábà
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ti sọ ọ́ dáadáa. Mo kàn fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ "ṣàánú" tí Màmá lò yẹn, torí ó máa ń dun àwa tí ó kàn.

Ọmọ Kogi ni mí, Okun, Yorùbá sì ni wá látòkèdélẹ̀. ELDS ni mo bá wọ OAU. Ìpínlẹ̀ 23 ló wà nínú ELDS: Kwara àti Kogi wà níbẹ̀, Benue, Rivers, Cross River, Bayelsa àti Ebonyi wà níbẹ̀, Kano, Kaduna, Sókótó, Borno àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa là ń du 20 yẹn. Nínú kọ́ọ̀sì tó gba èèyàn díẹ̀, bíi nọ́ọ̀sì, ẹ wo iye àyè tó máa kù fún ìpínlẹ̀ 23. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́tọ́ọ̀fù ELDS, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé, máa ń wà nísàlẹ̀ ti catchment, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí a jọ wọlé lọ́nà yẹn ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

Màmá, kí àbúrò mi kàwé bí ẹni pé 45 yẹn nìkan ló wà. Tí ELDS bá wá gbé e, ẹ dúpẹ́.

BàbáÌyábọ̀
Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Abẹ́òkúta ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́, ibẹ̀ ni mo ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni mo kọ́lé sí. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù mi, àpò Ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì ń lọ, torí òfin ní ibi tí èèyàn ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Èkìtì kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi wá fẹ́ wọ ilé-ìwé ìpínlẹ̀ kan, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, òpó kejì ló máa san. Mo san án. Mo sì ń san án títí ó fi jáde.

Ẹ wá là mí lóye: bí a bá fẹ́ gba owó orí, ibi tí mò ń gbé ni ilé mi. Bí ọmọ mi bá fẹ́ kàwé, ibi tí wọ́n bí bàbá bàbá mi sí ni ilé mi. Báwo ló ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀? Yorùbá kan náà ni wá, èdè kan náà là ń sọ. Tí èmi bá jẹ́ àjèjì ní Abẹ́òkúta, kí ni kí ọmọ Íbò tàbí ọmọ Hausa tó dàgbà níbẹ̀ sọ?

ỌmọÌjẹ̀búIgbó
Bàbá, ẹ̀dùn yín yé mi, mo sì bá yín kẹ́dùn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ti ẹnìkejì náà. Ọdún 1982 ni Ògùn dá ilé-ìwé tí à ń pè ní OOU lónìí sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa tó yege pọ̀ ju àyè tó wà ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ lọ. Owó tó yẹ kó lọ sí ọ̀nà àti ọsibítù ni wọ́n mú gbé e ró. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ọmọ ìbílẹ̀ àti ẹlòmíì, àwọn tó lówó láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n máa kún ibẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó á sì tún jókòó sílé. Kì í ṣe ìkórìíra. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń du tọmọ rẹ̀ ni.

BàbáÌyábọ̀
Ọmọ mi, kí wọ́n du ti ọmọ àgbẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n fi ọdún tí òbí ti ń san owó orí kún ohun tí wọ́n máa wò, ohun tí mo ń tọrọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti san án fún ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ san iye tí ọmọ ìbílẹ̀ ń san. Kò ní kó ìpínlẹ̀ kankan sí gbèsè.

Agbẹjọ́ròÌlú
Àwọn méjèèjì ló ní ibi tí wọ́n dúró lé nínú ìwé òfin, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 42, ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti wá fìyà jẹ ẹ́. Abala 14 nínú ìwé kan náà ní kí wọ́n ṣètò ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kí àwọn èèyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má baà pọ̀ jù níbẹ̀. Láti inú èyí tó kẹ́yìn yìí ni àṣà kí a máa fi ìpínlẹ̀ pín àyè ti rí agbára. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni abala 42 bá wí jù, torí pípín àyè àti dídá owó lé ẹnìkan lórí kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn aṣòfin ló lè tún un ṣe pátápátá. Àmọ́ kò ní tó àkókò fún fọ́ọ̀mù tí Màmá fẹ́ rà.

ÌyáÀkànkẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àgbà. Ẹ ò jẹ́ kí n dá nìkan ronú.

Nǹkan kan tún wà. Ẹnìkan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní kò sí wàhálà, pé òun mọ ẹni tó máa bá wa gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn yìí. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Ṣé kò burú? Ìbàdàn kúkú ni ọmọ mọ̀.

TíṣàBódìjà
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ń bẹ̀ yín.

Ẹ wo bó ṣe máa lọ. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ kọ sínú JAMB ni ilé-ìwé máa rí. Tí wọ́n bá gbà á, ọjọ́ tó bá lọ ṣe kílíáráńsì, wọ́n máa ní kó gbé ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi wéra. Tí ó bá ti lo ìwé irọ́ wọlé, irọ́ yẹn á máa bá a kiri: nílé-ìwé, nígbà NYSC, nígbà tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un, kódà kó ti wà ní ọdún kẹrin, wọ́n lè lé e. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí irú èyí da gbogbo nǹkan rú mọ́ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń sunkún ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ń sọ àǹfààní nù. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ọmọ Ọ̀yọ́, ó bọ́ sínú catchment UI, ṣùgbọ́n ó kúrò nínú ELDS. Ẹ mọ iye ọmọ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn tó ń du catchment UI?

Kí bàbá rẹ̀ gba Ọ̀ffà lọ, kí wọ́n fún un ní ìwé tòótọ́. Ẹ ṣe é kí ìgbà kílíáráńsì tó dé, torí àkókò yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ. Ẹ tún rí i dájú pé orúkọ tó wà lórí NIN rẹ̀ bá ti ìwé ìbí àti ti WAEC mu lẹ́tà dé lẹ́tà.

Ọ̀dọ́FUTA
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ UNILORIN? Ọmọ Kwara ni! Ilé rẹ̀ gan-an nìyẹn.

TíṣàBódìjà
O ṣeun, àbúrò, ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Ní UNILORIN, Kwara wà nínú catchment, ó sì tún wà nínú ELDS. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí fún ọmọ Ọ̀ffà níbẹ̀, méjì péré ló ṣí fún un ní UI, tí kò sì sí catchment níbẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Láti Ìlọrin sí Ọ̀ffà kò jìnnà, àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ wà nítòsí. Kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, Màmá, láàárín UI àti UNILORIN ló yẹ kẹ́ ẹ ti yan ohun tẹ́ ẹ máa kọ sí ipò kìíní, kì í ṣe láàárín UI àti LAUTECH.

Nọ́ọ̀sìAdúnní
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ fi díẹ̀ kún un.

UI ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dígírì nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, lọ́dún 1965, UCH sì wà nítòsí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́. Ó lókìkí, nítorí náà èrò pọ̀ níbẹ̀. Ìṣirò wọn rèé: máàkì JAMB, ẹ pín in sí 8. Máàkì Post-UTME, ìdánwò tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, ẹ pín in sí 2. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 240 nínú JAMB, tó gba 70 nínú Post-UTME, 30 àti 35 ni tiẹ̀, ó di 65. OAU àti UNILAG máa ń fi máàkì WAEC kún tiwọn, nítorí náà ọmọ tó ní A púpọ̀ nínú WAEC máa jàǹfààní níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tó máa mú nínú JAMB ni Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè, òun ló ṣe pàtàkì jù: ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́dún. Tí ilé-ìwé bá gba ọmọ ju iye yẹn lọ, àwọn kan á máa kàwé láìsí orúkọ wọn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, wọn ò sì ní lè ṣe ìdánwò láti di nọ́ọ̀sì. Ilé-ìwé yòówù kẹ́ ẹ mú, ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ẹ béèrè èyí kẹ́ ẹ tó san owó kankan. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ kúrò níbẹ̀.

BàbáÌyábọ̀
Ní ti owó, Màmá, ọdún márùn-ún ni nọ́ọ̀sì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òpó kìíní àti òpó kejì lórí ìwé owó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún kẹ́ ẹ tó sọ pé ó kéré. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé iye tí ẹ rí lónìí lè yí padà. Lọ́dún 2011, owó LASU kúrò ní 25,000 náírà, ó fò kọjá 190,000 fún àwọn tó ń bọ̀ wọlé. Ọdún 2014 ni wọ́n tó dá a padà sí 25,000, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pariwo gidigidi. Ilé-ìwé ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà tó bá wà níbẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀búIgbó
Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo òótọ́ o. Lọ́dún 2022, nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, UNIOSUN àti KWASU ń kàwé lọ ní tiwọn. Oṣù mẹ́jọ tí ọmọ fi jókòó sílé, owó náà ni. Ilé-ìwé ìpínlẹ̀ tí owó rẹ̀ ga díẹ̀, tí ọmọ sì jáde lásìkò, àpapọ̀ ohun tó máa ná òbí lè kéré sí ti ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

BàbáÌyábọ̀
Ìyẹn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò lè jiyàn.

Ọ̀dọ́FUTA
Màmá, ẹ má gbàgbé owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND. Ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ní 20,000 náírà lóṣooṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ìjọba àpapọ̀ ló ń yá a, torí náà jíjẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn kò dí i lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà ń rí i gbà. Èmi náà ń gbà á. Kó ní NIN àti BVN, kí orúkọ inú àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Gbèsè ni o, ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún un dáadáa.

ÌyáÀkànkẹ́
Mo ti pe bàbá rẹ̀ síbẹ̀, a jọ kà á tán. Ó ní òun máa lọ sí Ọ̀ffà lópin ọ̀sẹ̀ yìí fún ìwé ẹ̀rí náà, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé nǹkan ìlú òun máa wúlò fún ọmọ. Ti ẹni tó fẹ́ bá wa gba ìwé Ìbàdàn, mo ti sọ fún un pé kó má ṣèyọnu.

UI ló ṣì wà lọ́kàn ọmọ. Tí ó bá kọ UI sí ipò kìíní, UNILORIN sí ipò kejì ńkọ́? Tí UI ò bá gbà á, kí UNILORIN gbà á.

TíṣàBódìjà
Màmá, ẹ má gbọ́kàn lé ipò kejì. UI kì í wo ẹni tí kò bá fi òun sí ipò kìíní, OAU àti UNILAG náà bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ tí èrò pọ̀ sí ti máa ń kún kó tó kan àwọn tó fi wọ́n sí ipò kejì. Ipò kìíní ni ìpinnu gan-an.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ mi ṣe rèé. Kó ṣe ìdánwò JAMB tó ti kọjá lórí kọ̀ǹpútà, kó fi aago sí i, kó má wo ìwé, kó ṣe é léraléra títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti fọ́ọ̀mù. Bó bá ń gba 270 sókè dáadáa, kó mú UI, kó sì máa bá ẹnikẹ́ni du 45 yẹn. Bó bá ń yí po láàárín 220 sí 250, UNILORIN ni kó fi sí ipò kìíní. Bí máàkì bá jáde tó yàtọ̀ sí ohun tí a rò, JAMB máa ń gbà kí èèyàn yí ilé-ìwé padà lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n kàn máa ń gba owó fún un.

Tí wọ́n bá sì gbà á, kó wọ JAMB CAPS, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń ṣètò gbígba ọmọ wọlé, fúnra rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Admíṣàn tí kò bá sí lórí CAPS, JAMB ò mọ̀ ọ́n, NYSC náà ò ní mọ̀ ọ́n.

ỌmọKábà
Màmá, kí ó tó yan èyíkéyìí, kó wá kọ́tọ́ọ̀fù nọ́ọ̀sì ti ọdún tó kọjá ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. OAU máa ń to tiwọn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: merit (ìyẹn 45 tí Tíṣà sọ) lọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ catchment kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ELDS lọ́tọ̀. Kó wo ìlà tó kàn án nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wo ìlà Èkó tàbí Ọ̀yọ́, tí ẹ̀rù á sì bà wọ́n lásán.

ÌyáÀkànkẹ́
Ó ti jókòó sídìí ìdánwò àkọ́kọ́ báyìí, aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máa gbé máàkì rẹ̀ wá síbí tó bá ti ṣe mẹ́ta, kẹ́ ẹ bá mi wò ó. Nọ́ọ̀sì Adúnní, jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń béèrè iye ọmọ tí wọ́n lè forúkọ wọn sílẹ̀ yẹn, ṣé lọ́dọ̀ ilé-ìwé ni àbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́?

Nọ́ọ̀sìAdúnní
Ọ̀dọ̀ méjèèjì, Mà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwé náà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ fúnra wọn, kẹ́ ẹ fi ìdáhùn méjèèjì wéra. Bí ẹ bá fẹ́, mo máa bá yín kọ lẹ́tà náà.